Ta ló ń ra ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì nílò? Iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ń rí sí kọ́ńtíráàtì ní Cape Canaveral

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Patrick Space Force Base ní Florida. Inú gbogbo wa dùn, torí a mọ̀ pé Cape Canaveral tí wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tó pè wá, ó ní 45th Contracting Squadron ni wọ́n fi òun sí, àwọn tó ń ṣe kọ́ńtíráàtì. Màmá wa béèrè pé ṣé torí kó lè máa ra bébà ni wọ́n ṣe wọ aṣọ ṣójà fún un. Èmi náà ò rí èsì fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye: kí ló pa kọ́ńtíráàtì pọ̀ mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì? Mi ò fẹ́ kó rò pé a fojú kéré iṣẹ́ òun.

Alákọsílẹ̀_FL

Ẹ kú oríire, Àǹtí Àdùkẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìjọba Amẹ́ríkà, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í wọ aṣọ ológun. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ibẹ̀. Space Launch Delta 45, ẹ̀ka kan nínú Space Force (ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọ̀run), ló ń ṣàkóso Patrick àti Cape Canaveral. Kó tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2021, 45th Space Wing ni wọ́n ń pè é. Àwọn ló ni Eastern Range, ìyẹn rédà, kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn látara rọ́kẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lórí òkun Atlantic, títí dé erékùṣù Ascension tó jẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Space Force fúnra rẹ̀ ò tíì dàgbà, ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò ní dókítà tirẹ̀, kò ní àlùfáà, kò sì ní àwọn tó ń ṣe kọ́ńtíráàtì. Ọ̀dọ̀ Air Force, ìyẹn ológun òfurufú, ni gbogbo wọn ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí àbúrò yín fi jẹ́ ọmọ Air Force nínú bárékè Space Force.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń rí nínú fídíò, iléeṣẹ́ aládàáni ló ni ín: SpaceX, United Launch Alliance, Blue Origin. Ṣùgbọ́n títì tí wọ́n gbé e gbà, iná mànàmáná, omi panápaná, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá kọ̀ǹpútà tutù, géètì, koríko tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé kí iná má bàa ràn, gbogbo rẹ̀ ló ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni yẹn sì ní ìwé kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́. Kódà gílóòbù tí wọ́n ń tàn ní etíkun, òfin wà lórí irú ìmọ́lẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jẹ́, torí àwọn ìjàpá òkun tó ń gòkè wá yé ẹyin lóru. Ẹni tó ń kọ ìwé pé kí wọ́n wá tún iná ṣe ní láti mọ ìyẹn kó tó kọ ọ́.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí bárékè mìíràn gan-an nìyí. Ká ní iléeṣẹ́ kan ń pààrọ̀ òrùlé ilé kan ní Cape. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ epo sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì nítòsí, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà ní agbègbè eléwu ní láti kúrò. Bí ojú ọjọ́ bá ba ètò jẹ́, ọ̀la ni wọ́n á tún gbìyànjú, àwọn kanlékanlé yẹn á sì tún kó irinṣẹ́ wọn kúrò. Ta ni yóò san owó ọjọ́ méjì tí wọ́n fi jókòó? Bí ìwé iṣẹ́ ò bá ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á béèrè owó àfikún, àríyànjiyàn á sì dé. Lọ́dún 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì 72 ló gbéra ní etíkun Florida yẹn. Lọ́dún 2024, ó di 93. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Àyè tí èèyàn lè fi tún títì ṣe láàárín rọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn ti dín kù, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ló ń wá àyè yẹn rí, àwọn èèyàn tó jókòó ti kàlẹ́ńdà àti ìwé iṣẹ́ ni.

Ohun kan tún wà tí màmá yín gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ nìkan ló lè ti ọwọ́ ìjọba bọ kọ́ńtíráàtì. Wọ́n ń kọ orúkọ ẹni náà àti iye owó tí agbára rẹ̀ mọ sínú ìwé àṣẹ yẹn. Ọ̀gágun tó ní ìràwọ̀ léjìká kò lè sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé "ẹ bá wa tún géètì yẹn ṣe" kí ìjọba wá jẹ gbèsè. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti kọjá àyè rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á sì ní kó wá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́, tí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè fọwọ́ sí i. Tí àbúrò yín bá kọ́ṣẹ́ dáadáa, wọ́n lè fún un lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ_FUTA

Alákọsílẹ̀, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, torí FUTA ní Àkúrẹ́ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Etíkun Florida yẹn ni NigeriaEduSat-1 tiwa ti lọ. Sátẹ́láìtì kékeré kan ni, kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ilé ìwé Kyushu Institute of Technology ní Japan ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú ti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti ti Japan fúnra wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ló gbé gbogbo wọn lọ sí International Space Station, ilé tó wà lójú ọ̀run, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2017, ọjọ́ keje oṣù Keje ni wọ́n sì tú wọn síta láti ibẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ló yẹ kó lọ. Mànàmáná ni kò jẹ́.

Mo mọ̀ pé Kennedy Space Center tó ti gbéra jẹ́ ti NASA, ṣùgbọ́n àwọn 45th Weather Squadron ló ń wo ojú ọjọ́ fún un. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ẹ̀ka àbúrò Àǹtí Àdùkẹ́ yìí náà ló ń ra rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé sátẹ́láìtì ológun?

Alákọsílẹ̀_FL

Rárá o. Ìbéèrè gidi lẹ bi, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀.

Àwọn tó ń ra ìrìnàjò rọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní Space Systems Command, ẹ̀ka Space Force mìíràn, ní El Segundo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles. Owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n pín iṣẹ́ ìgbéra sátẹ́láìtì ológun tó le jù fún iléeṣẹ́ mẹ́ta: SpaceX gba ìrìnàjò 28, nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.9 dọ́là. United Launch Alliance (ULA) gba 19, nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.4. Blue Origin gba 7, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, iléeṣẹ́ méjì péré ni wọ́n pín in fún, ULA gba ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, SpaceX gba ogójì.

Kọ́ńtíráàtì ńlá tó ń mú kí rédà àti kámẹ́rà Eastern Range ṣiṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Space Systems Command ló ti ń jáde. Lọ́dún 2014, iléeṣẹ́ kan tí Raytheon àti General Dynamics jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní RGNext, ló gbà á.

Ẹ̀ka inú bárékè ló wá ń mú nǹkan tó kù: ilé, títì, ìmọ́tótó, oúnjẹ, àtúnṣe, irinṣẹ́ tí àwọn panápaná nílò, jẹnẹrétọ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí rédà, kò sí ìgbéra lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọ́n tó.

Àgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròyé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé, ó sì kan orílẹ̀-èdè wa.

Ẹni tó ń bá ìjọba tọ́jú Cape Canaveral láti ọdún 1953 títí di 1988, Pan Am ni. Pan Am tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ máa ń balẹ̀ sí Ìkẹjà! Àwọn ló ń gbá ilẹ̀, tí wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń tọ́jú rédà, iléeṣẹ́ RCA sì ń bá wọn ṣe apá kan iṣẹ́ náà. Ìgbà tí Amẹ́ríkà ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí òṣùpá, abẹ́ kọ́ńtíráàtì Pan Am ni wọ́n ti ń tọ́jú ibẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí John Glenn, ará Amẹ́ríkà, yí ayé po nínú ọkọ̀ ojú ọ̀run ní ogúnjọ́ oṣù Kejì ọdún 1962, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tó bá a sọ̀rọ̀ wà ní Kano. NASA ò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwọn ibùdó yẹn. Western Electric ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ mìíràn bíi Bendix. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Keje ọdún 1963, wọ́n yin sátẹ́láìtì Syncom 2 láti Cape Canaveral. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Kennedy bá Olórí Ìjọba wa, Sir Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípasẹ̀ rẹ̀. Èbúté Èkó ni Balewa wà, nínú ọkọ̀ ojú omi USNS Kingsport. Ọmọdé ni mí nígbà náà, bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì ń sọ ọ́ kiri àdúgbò.

Àdùkẹ́, sọ fún màmá rẹ pé iṣẹ́ ọmọ wọn dára.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Mo ti kà á fún wọn, wọ́n ní kí n kí yín. Ohun tí wọ́n tún ń béèrè ni pé, ṣé wọn ò ní gbé e lọ sójú ogun?

Alákọsílẹ̀_FL

Mi ò ní tan yín, wọ́n lè gbé e lọ. Níbikíbi tí ọmọ ogun bá pàgọ́ sí, wọ́n nílò omi, ọkọ̀ yíyá, epo, ilé ìyàgbẹ́. Àwọn oníkọ́ńtíráàtì wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ débẹ̀ láti bá àwọn oníṣòwò ìlú náà dúnàádúrà. Nílé náà, Florida jẹ́ ilẹ̀ ìjì líle, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kọkànlá. Bí ìjì bá ti kọjá, àwọn ni wọ́n máa ń wá tapólì bo òrùlé, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa gé igi tó dí títì, kí bárékè tó lè ṣí padà. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò níbi méjèèjì.

Ṣọlá_Tẹ́ńdà

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yà sí ọ̀nà mìíràn díẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan ni mo wà, níbi tí a ti ń ṣe tẹ́ńdà. Nílé níbí, a ní òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Mo mọ bí ìwé ṣe máa ń pa iṣẹ́. Mo ti rí i kí ìwé kan jókòó lórí tábìlì kan títí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un fi lọ. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé ṣójà kò lè tún géètì ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ sí i, àyà mi máa ń já.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rọ́kẹ́ẹ̀tì Delta IV Heavy tó gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2024, gbogbo ayé ń wò ó ní Cape, wọ́n dá a dúró torí páìpù tó ń gbé gáàsì náítírójìn wá ní ìṣòro. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ló tó gbéra. Ọjọ́ méjìlá nìyẹn! Níbo ni gbogbo ìwé wà lọ́jọ́ yẹn?

Alákọsílẹ̀_FL

Ṣọlá, ọ̀rọ̀ yín kò dùn mí rárá, ó yẹ ká sọ ọ́.

Ìwé ò lè ní kí páìpù má bàjẹ́. Ohun tí kọ́ńtíráàtì tó dáa ń ṣe ni pé, lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi ara wọn pé ta ló yẹ kó wá. Ó ti wà nínú ìwé: ẹni tí wọ́n máa pè, iye wákàtí tó ní láti fi dé, ohun èlò tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ẹni tó máa sanwó. Ẹ tún rántí pé nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹrù àwọn alámí orílẹ̀-èdè náà, NRO, ló wà. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ kánjú.

Ní ti ìdádúró, Amẹ́ríkà náà mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ tó bá pàdánù tẹ́ńdà lè gbé ẹjọ́ lọ sí GAO, ọ́fíìsì olùyẹ̀wò owó ti Ilé Aṣòfin, GAO sì ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láti dájọ́. Bí ẹjọ́ bá tètè wọlé, iṣẹ́ tuntun náà ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè pa rédà Eastern Range fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fún ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí afárá, títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹni tó mọṣẹ́ ti máa ń ronú nípa afárá yẹn kó tó gbé tẹ́ńdà síta rárá. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ọmọ kọ́ńtíráàtì tó dáa.

Ṣọlá_Tẹ́ńdà

Mo gbọ́ ọ. Síbẹ̀, mo ṣì gbà pé ibi tí òfin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá tó lè gba amòfin mẹ́wàá ló ń jẹ àjẹyó. Àwọn kéékèèké á kàn máa wòran.

Ọmọ_FUTA

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: owó ta ni wọ́n fi ń tọ́jú gbogbo títì àti páìpù yìí, nígbà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ aládàáni ló ń lò ó jù?

Alákọsílẹ̀_FL

Owó ìjọba ló pọ̀ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ò jẹ́ kí wọ́n gba ju owó ohun tí iléeṣẹ́ náà lò ní tààràtà lọ́jọ́ ìgbéra. Ẹni tó gbéra ní ogójì ìgbà ń ba títì jẹ́ ju ẹni tó gbéra lẹ́ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè gba owó títì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ètò ààbò ti ọdún ìṣúná 2024, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ló yí ìyẹn padà: wọ́n ti lè gba apá kan owó ìtọ́jú gbogbogbòò. Space Force náà ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là sọ́tọ̀ láti ọdún 2024 dé 2028, láti tún Cape àti Vandenberg, ibi ìgbéra mìíràn ní California, ṣe: títì, iná, omi, afárá. Ẹ lè ro iye ìwé kọ́ńtíráàtì tó wà nínú owó yẹn. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní iléeṣẹ́ ìmọ́tótó kékeré, mo sì fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ Ṣọlá, torí mo ti gba irú iṣẹ́ yìí rí ní bárékè kan, mi ò sì ní amòfin kankan. Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan fi owó mi pamọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dùn mí torí mo ní òṣìṣẹ́ tí mo ń san owó fún. Ṣùgbọ́n òfin wà pé bó bá kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìwé owó tó pé ti dé ọwọ́ wọn, èlé ni wọ́n máa fi san án, wọ́n sì san èlé náà láìjẹ́ pé mo bẹ ẹnikẹ́ni.

Alákọsílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Florida bí wọ́n ṣe lè wọlé sí ti Cape yìí. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ wọn pé àwọn máa bá wọn forúkọ sílẹ̀.

Alákọsílẹ̀_FL

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni! Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ lórí SAM.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ kan náà ni tẹ́ńdà ti ń jáde, ẹ sì ní láti máa tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe lọ́dọọdún. Bí ó bá kú lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún yín níṣẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún.

Ọjà rírà tó kéré pátápátá (ti iṣẹ́ bí ìmọ́tótó àti ilé kíkọ́ kò tó bẹ́ẹ̀), ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là tẹ́lẹ̀, tó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, káàdì ni wọ́n fi ń rà á láìsí tẹ́ńdà. Ẹ lọ kí àwọn tó ń lo káàdì náà, kí wọ́n mọ orúkọ iléeṣẹ́ yín. Láti ibẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, àwọn iléeṣẹ́ kékeré ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ fún, bí iléeṣẹ́ kékeré méjì tó lè ṣe é dáadáa ní iye tó bójú mu bá wà. Ṣọlá, èyí ni mo fi ń dá yín lóhùn.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ iye yín fún iṣẹ́ kan ní Cape, ẹ wá ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìgbéra àti kíkúrò ní agbègbè eléwu, kí ẹ sì ro ọjọ́ tí ẹ máa jókòó mọ́ owó yín. Àìmọye àwọn tuntun ni kì í kà á. Bí kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ ìbéèrè tó kọjá. Gbogbo àwọn tó ń díje ni wọ́n á fi èsì náà hàn, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí yín. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, torí ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ìṣúná wọn ń parí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kó tó di oṣù Karùn-ún.